Ta Ló Sọ Omi Òkun Di Kíkan?

Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngán Mápó fún ìpàtẹ ìmọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní ọdún tó tẹ̀lé òmìnira, gbogbo ẹja òkun tí Louisa kó wá láti Èkó ti kú, wọ́n léfòó nínú àpótí gíláàsì. Ìjọba ló ni àpótí náà. Louisa olùkọ́ ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Bí ẹja bá yè dópin ìpàtẹ, wọn yóò rán an lọ sókè òkun láti kàwé sí i.

Ìsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá, Adégòkè, yí àpótí náà ká.

"Kí ló pa wọ́n, tíṣà?"

Louisa ti bébà lítímọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù, tó máa ń pupa bí nǹkan bá kan, bọ omi. Ó yọ ọ́, ó ti pupa.

"Ẹ rí i, ọ̀gá. Omi òkun kì í kan. Láàárọ̀ àná tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò kan rárá. Ẹnìkan ló da nǹkan kíkan sí i."

"Ta lẹ fura sí?"

"Bàbá Gàfárù tó ń ṣọ́ ibí ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ráhùn pé kí là ń sin ẹja tí a ò ní jẹ fún. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í sì í tán lápò wọn nítorí ikọ́."

Wọ́n pe bàbá náà, ará Àrẹ̀mọ. Ó gbọ́ ẹ̀sùn, ó lọgun.

"Wàlláhì, n ò fọwọ́ kàn án! Mo ráhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìráhùn kì í pa ẹja. Ọ̀gá, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

"Ta ló wọlé lánàá?"

"Tíṣà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan. Nígbà tí tíṣà lọ sí Agodi, ẹ̀gbọ́n gbé korobá wọlé, wọ́n ní àwọn fẹ́ fọ ìkarawun."

Inú bí Louisa. "Ẹ má dárúkọ àǹtí mi sí i!" Morádéyọ̀ ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Morádéyọ̀ kan náà ló bá a pọn omi òkun l'Ékòó, òun ló sì gún ìkarawun tó wà nísàlẹ̀ àpótí.

"Iṣẹ́ wo ni ìkarawun ń ṣe níbẹ̀?" Adégòkè béèrè.

"Òun ni kì í jẹ́ kómi kan. Bí ẹ bá fún ọsàn díẹ̀ sí i, ìkarawun á hó, á sì borí kíkan rẹ̀."

Adégòkè ká apá ẹ̀wù rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ omi. Ó gba ọsàn kan lọ́wọ́ Gàfárù, ó là á, ó fún un lé e lórí.

"Ṣé kò yẹ kó hó ni?"

"Ó yẹ kó hó." Louisa gbà á, ó wò ó dáadáa. Òkúta wẹ́wẹ́ odò ni.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Morádéyọ̀ ní Òkè Padre. Ó dé, ó kí gbogbo wọn.

"Ìyá," ni Adégòkè wí, "òpè ì bá kàn da nǹkan kíkan sómi, ìkarawun ì bá sì gba ẹja là. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ kó ìkarawun kúrò, ó fi òkúta tó jọ ọ́ dípò. Tíṣà, ta lẹ kọ́ nípa ìkarawun?"

Louisa yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí mi nìkan."

Morádéyọ̀ kò jiyàn. "Fínígà, ọtí kíkan, ni mo dà sí i. Nítorí rẹ ni mi ò ṣe lọ́kọ, Louisa. O fẹ́ wọkọ̀ lọ, kó o fi ilé òfìfo sílẹ̀ fún mi."

"Ẹ̀ bá ti sọ pé kí n má lọ. Ǹ bá jókòó."

"Mo ti súre fún ọ lójú gbogbo ìjọ. Ojú ń tì mí láti gba ìre náà padà."

"Ẹ wá fọwọ́ ara yín pa á," ni Louisa wí.

Adégòkè ní kí ìyá náà máa bọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Morádéyọ̀ na ọwọ́ láti tún gèlè àbúrò rẹ̀ ṣe. Louisa sún sẹ́yìn. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú, ó sì wálẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn Mápó, Morádéyọ̀ bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Louisa ti mú abọ́, ó ń bu òkú ẹja jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbójú sókè.