Ọmọ Ìyá Kan, Ẹ̀jẹ̀ Kan

Aáyán ló mú kí Adéníran mọ Gbémisọ́lá. Ọmọbìnrin náà wọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti ń múra GCE sílẹ̀ ní Bàríga, ó sì di agolo mílíìkì kan mú bí ẹni gbé ọbẹ̀ gbígbóná. Àǹtí Sabina, olùkọ́ bàyọ́lọ́jì wọn, ti ní kí kálukú mú ohun ẹlẹ́mìí kan wá. Bí Gbémisọ́lá ṣe fẹ́ jókòó ni ìdérí ṣí, ni aáyán bá bẹ́ mọ́ Adéníran láyà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Òun nìkan ni mo rí mú nílé."

"Ṣé kì í ṣe àyà mi lẹ fẹ́ yẹ̀ wò ṣá?"

Ó rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ sì yọ. Ọ̀rọ̀ Adéníran bùṣe lọ́jọ́ náà.

Wọn kì í ṣe ọmọdé, wọ́n ti parí sẹ́kọ́ńdìrì tipẹ́. Adéníran ń gé ìwé nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Gbémisọ́lá ń ránṣọ ní Fọlá Àgòrò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bàyọ́lọ́jì ló ba èsì àwọn méjèèjì jẹ́, ni wọ́n bá kúkú ń jọ kà á. Ẹni tó bá gbàgbé iṣẹ́ kíndìnrín ni yóò ra ẹ̀pà. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o," tí Gbémi sì ń fi "olówó orí mi" ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ọ̀hún ń dùn mọ́ Adéníran ju bó ti yẹ lọ.

Lọ́jọ́ kan, Adéníran sìn ín délé. Ó bá Fimíhàn, àbúrò Gbémi ọkùnrin, lórí àga, ẹyinjú rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Gbémi rẹ aṣọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń fi í jó oríkèé ọmọ náà. Ó ní àìsàn SS ni, fòníkú-fọ̀ladìde, láti kékeré.

AS ni Adéníran fúnra rẹ̀. Àìsàn yìí ló pa Dọlápọ̀ àti Bámilóyè, ọmọ méjì tí ìyá rẹ̀ bí lé e, màmá sì ti mú un búra pé kò ní fẹ́ ọmọ ilé tí irú ẹ̀ bá wà. "Ọmọ ìyá kan, ẹ̀jẹ̀ kan," ni màmá máa ń wí, Adéníran sì gbà bẹ́ẹ̀. Kò lè béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí Gbémi ní, nítorí ìdáhùn yẹn lè gba Gbémi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ló bá ń jókòó sẹ́yìn. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ nílé ìtẹ̀wé. Tó bá kan orí tó sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí nínú ìwé wọn, yóò ṣí i kọjá. Ó ya ọ̀lẹ gan-an, àbí kí la fẹ́ pè é: oògùn ohun tó ń ṣe é wà nínú ìwé tó kọ̀ tí kò kà. Gbémi rò pé àbúrò òun ló rí tó sá, ó sì dùn ún dọ́kàn.

Ìdánwò kù dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Àǹtí Sabina béèrè ẹni tí yóò wá yanjú rẹ̀ lójú pátákó: bàbá AS, ìyá AS, irú ọmọ wo ni wọ́n lè bí? Gbémisọ́lá ti dìde. Ó ya àpótí mẹ́rin: AA, AS, AS, SS. Kò wo olùkọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń wò.

"Ilé wa nìyí. Fimíhàn ni ti ìsàlẹ̀. Èmi ni ti òkè yìí, AA, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ẹni tó bá fẹ́ sá, kó kọ́kọ́ béèrè."

Àǹtí Sabina ní ó gba gbogbo máàkì.

Adéníran dúró de Gbémi lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn. "AS ni mí, Gbémi. Màmá mi sì ti mú mi búra nítorí àìsàn yìí. Ìdáhùn ẹ ni mo ń bẹ̀rù."

"AA àti AS ò lè bí SS. O ò kàwé, olówó orí mi."

"Mi ò kà á lóòótọ́. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Lọ kọ́ màmá ẹ ná."

Màmá ń ṣa ẹ̀wà nílé wọn ní Pedro lọ́jọ́ Sunday. Adéníran mú ẹyọ tó dáa àti èyí tí kòkòrò jẹ, ó tò wọ́n ní méjì méjì sórí àtẹ, ó ní ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, bí ó ṣe lè bọ́ sí nìyí. Ó ní ọmọ ìyá kan lè má jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan, pé Fimíhàn ló ní àìsàn náà, AA ni Gbémi.

Màmá wò wọ́n títí. Ó fọwọ́ kan àwọn tó pa pọ̀ mọ́ra, ọ̀kan dáa, ọ̀kan ò dáa. "Ìwọ nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó mú méjì tí kòkòrò jẹ. Kò dà wọ́n nù. Ó dì wọ́n sí ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó ta á ní kókó. Lẹ́yìn náà ló gbé méjì tó dáa sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ìgbà wo ni ìyàwó mi ń bọ̀?"