Aláṣọ Funfun Inú Kámẹ́rà

Ẹni tó fọ́ orí Babájídé Ayọ̀wálé kò lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó lù ú, ó tún un lù, títí ojú ọkùnrin náà kò fi jọ ojú ènìyàn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dì sórí sìmẹ́ǹtì. Ìjàlọ ti gbọ́ ìròyìn kí ọlọ́pàá tó gbọ́.

Aládùúgbò kan tó ń lọ sóko ló rí òkú náà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Ìsípẹ́kítọ̀ Péjú Ẹlúyẹmí àti Sájẹ́ńtì Akínbọ̀dé dé Ìrèlè-Èkìtì láti Ìkọ̀lé.

Kámẹ́rà kékeré kan wà lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ṣọlá, ọmọ olóògbé, olùkọ́ ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́, ló rà á fún bàbá rẹ̀. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni bàbá ń sọ fún gbogbo àlejò nígbà tí wọ́n gbé e kọ́. Orí fóònù Ṣọlá ni àwòrán rẹ̀ ń lọ. Kó tó wakọ̀ dé Ìrèlè láàárọ̀ náà, ó ti wo fídíò ikú bàbá rẹ̀, ó sì ti fi í ránṣẹ́ sí Wásáàpù àwọn ọmọ ìlú. Inú ló bí i, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹlòmíràn.

Fídíò náà kò mọ́lẹ̀. Ìkùukùu funfun bò ó lójú. Síbẹ̀, a rí ẹnì kan nínú aṣọ funfun gígùn, tí orí rẹ̀ funfun rọ́bọ́tọ́ bí ẹni dé fìlà, tí kò wọ bàtà. Ó gbé igi ńlá sókè. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ kò hàn rárá.

Ta ló ń wọ aṣọ funfun, tó ń dé fìlà funfun, tí kì í wọ bàtà ní Ìrèlè? Wòlíì Òjó ni. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọjú sí ilé olóògbé gan-an. Wọ́n ti ń fa ààlà ilẹ̀ tipẹ́, Wòlíì sì ti pariwo ní gbangba rí pé, "Ọlọ́run á mú ọ kúrò lọ́nà mi!" Ará ìlú kò bi ara wọn ní ìbéèrè kankan mọ́. Gbogbo ẹni tó ní fóònù ti di adájọ́.

Bí oòrùn ṣe yọ, àwọn ọ̀dọ́ wọ́ Wòlíì jáde. Wọ́n fi irin ṣẹ́ ẹ lápá. Wọ́n ti fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn, ẹnì kan ti ń ṣí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù, kí Péjú tó yìnbọn sókè. Ó wọ́ ọ padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ọlọ́pàá méjì tó bá wọn wá sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ kò lọ. Wọ́n jókòó síta pẹ̀lú táyà wọn. Ọkọ̀ ọlọ́pàá tí Péjú pè fún ìrànlọ́wọ́ láti Ìkọ̀lé kò tíì dé.

"Wòlíì, níbo lẹ wà lóru?" Péjú béèrè.

"Orí òkè, mà. Mo ń gbàdúrà."

"Ta ló rí yín?"

"Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run kì í wá jẹ́rìí ní kóòtù wa, bàbá."

Wòlíì tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. "Mo ṣépè fún un, mi ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò pa á. Ilẹ̀ la jọ ń jà sí."

"Aṣọ tí ẹ wọ̀ lánàá dà?"

"Òun lẹ ń wò yìí. Ẹyọ kan náà ni mo ní."

Péjú wo aṣọ náà dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ kún ọrùn àti àyà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Wòlíì fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́tí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹni tó fọ́ orí olóògbé bẹ́ẹ̀ kò lè lọ kí ẹ̀jẹ̀ má ta sí i lẹ́sẹ̀.

Ó sọdá padà sílé olóògbé. Ṣọlá ga, ó tẹrí ba kó tó lè kọjá lábẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Péjú ṣàkíyèsí rẹ̀. Ẹni inú fídíò kọjá lábẹ́ okùn yẹn láì tẹrí ba.

"Wọ́n ní ìwọ àti bàbá rẹ jà láìpẹ́ yìí."

"A jà, mà. Lórí ìyàwó àbúrò wọn ni. Ọkọ obìnrin náà kú, bàbá mi ní dandan kó fárí, kó wọ dúdú, kó má wọ bàtà, kó má kúrò ní ẹ̀yìnkùlé títí ọdún á fi yí. Mo ní fáàdà pàápàá sọ pé kò pọn dandan. Wọ́n ní ìwé ti ba orí mi jẹ́."

"Níbo lo sùn?"

"Ní Ọ̀yẹ́, mà. Lọ́dọ̀ ìyàwó mi. Ẹ dákun, apànìyàn náà wà lódìkejì títì, èmi lẹ ń bi léèrè!"

Péjú fi í sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Opó náà, Adédoyin, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Jùwọ́nlọ, jókòó sórí ẹní nínú kaba dúdú gígùn. Orí rẹ̀ tí wọ́n fá ń dán.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, mà. Ẹ tún kú ti èyí. Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan lóru?"

"Mi ò gbọ́, ọmọ mi. Opó kì í jáde. Ubi tí ẹ bá mi yìí náà ni mo wà."

Odó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, iyán gbígbẹ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Odó nìkan.

"Ọmọ odó ńkọ́, mà?"

"Ó ti là. Gàrí ni mo ń mu."

Ọmọ Ìdó-Èkìtì ni Péjú. Iṣu kún àká ẹ̀yìnkùlé náà, ilé Èkìtì kò wá ní ọmọ odó! Ó na ọwọ́ sí eérú inú ààrò. Ó ṣì gbóná. Ẹni tó ń mu gàrí kì í dáná lóru. Ṣùgbọ́n aláṣọ funfun ni wọ́n rí nínú fídíò, dúdú sì lobìnrin yìí wọ̀. Ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́nú.

Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í ró gbàgà lórí páànù ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọrin.

"Ṣọlá, gbé fóònù rẹ wá."

Wọ́n tún fídíò náà wò. Apànìyàn kúrò, òkú sùn sílẹ̀. Péjú kò pa fídíò náà. Ó jẹ́ kó máa lọ títí ó fi kan ìdájí. Aláṣọ funfun méjì wọlé, ọ̀kan nínú wọn yọkùn.

"Sájẹ́ńtì, ta ni wọ̀nyí?"

Akínbọ̀dé na ọrùn. "Wòlíì ni wọ́n, mà. Àṣé wọ́n pọ̀!" Ó tún wo ikùn náà. "Yéè! Èmi rè é!"

Aṣọ ọlọ́pàá ni òun àti Péjú wọ̀, ó dúdú látòkè délẹ̀. Nínú fídíò, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

Ṣọlá fa fóònù náà mọ́ra. "Iná tí ojú wa kì í rí ni kámẹ́rà yìí fi ń ríran lóru, mà. Kì í mọ àwọ̀. Aṣọ dúdú mìíràn, àti awọ ara ènìyàn, máa ń ta iná náà padà, á wá funfun."

"O mọ èyí, o ò sọ?"

"Bàbá mi ló wà nílẹ̀, mà. Mi ò rántí nǹkan kan."

"Ìkùukùu ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Òwú aláǹtakùn ni, àti ògiri funfun tó sún mọ́ ọn jù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń ta padà sójú ara rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún wọn kí wọ́n gbá a, kí wọ́n sì sún un síwájú."

Péjú gun àga. Ó já kámẹ́rà náà sílẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ mọ́. Ṣọlá so ó mọ́ bátìrì nínú pálọ̀, jìnnà sí ògiri. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fa kọ́tìnì bo gbogbo fèrèsé. Òkùnkùn ṣú.

Wọ́n pe Màmá Jùwọ́nlọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Opó kì í wọ pálọ̀."

"Ẹni tó ṣòfin yẹn ti kú, mà. Ẹ wọlé."

Ó wọlé. Gbogbo wọn wo fóònù. Aláṣọ funfun dúró níbẹ̀. Orí funfun rọ́bọ́tọ́. Ẹsẹ̀ lásán. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ hàn kedere.

Péjú ṣí fèrèsé. Ó fi omi rẹ áńkáṣíìfù, ó nu ìṣẹ́tí kaba náà. Áńkáṣíìfù pọ́n. Akínbọ̀dé lọ tú ààrò, ó fa kùkùté igi tó jóná wá láti abẹ́ eérú. Orí rẹ̀ ṣì rí roboto.

"Èèwọ̀!" ni Akínbọ̀dé wí. "A kì í fi ọmọ odó na ènìyàn."

"Wọn kì í fi abẹ fá orí ènìyàn tipátipá náà," ni opó náà dáhùn.

Ó jókòó sílẹ̀. Kò sunkún.

"Ó ní bọ́dún bá yí, òun lòun máa ṣú mi lópó. Ulé ọkọ mi, oko ọkọ mi, gbogbo ẹ̀ á di tòun. Lóru àná kò lè dúró mọ́. Ó wá ká mi mọ́ orí ẹní. Mo ké. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Opó ló ń sunkún, kí ni tuntun ńbẹ̀? Nígbà tó ṣe tán, ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Mo gbé ọmọ odó tẹ̀lé e. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti bá a. Mo lù ú nítorí orí mi. Mo lù ú nítorí ọkọ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ ohun tí mo ń lù ú sí mọ́."

Ṣọlá bojú. Ẹkún bàbá rẹ̀ ló ń sun àbí ti obìnrin náà, òun gan-an kò mọ̀.

Àánú obìnrin náà ṣe Péjú gidigidi, inú sì bí i. "Ẹ gbọ́ igbe Wòlíì láàárọ̀ yìí, mà?"

"Mo gbọ́."

"Kí lẹ ṣe?"

"Mo jókòó. Bí gbogbo wọn ṣe jókòó nígbà tí mo ń ké."

Ṣọlá ló kọ́kọ́ jáde. Ó lọ síwájú àwọn ọ̀dọ́ náà, ó ní, "Bàbá mi ló kú. Èmi ni mo fi fídíò yẹn ránṣẹ́. Wòlíì kọ́ ló wà nínú rẹ̀." Ó ṣàlàyé, wọn ò gbà á, ó fi hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ju òkúta sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bẹ Wòlíì. Wọ́n kó táyà wọn, wọ́n ń lọ.

Ọkọ̀ Ìkọ̀lé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé wàyí. Wọ́n mú Wòlíì jáde kí wọ́n lè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àsìkò náà ni Péjú ń mú Màmá Jùwọ́nlọ bọ̀. Nígbà tí obìnrin náà dé ẹnu géètì, ó dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, kò tíì kọjá ibẹ̀.

Ó rí Wòlíì. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

Wòlíì Òjó sọdá títì wá sẹ́nu géètì, ó wò ó pẹ́. Ó wo orí fífá rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò wọ bàtà bíi tirẹ̀.

"Mo gbọ́ igbe tìrẹ náà lóru," ló wí. "Mo ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ látorí òkè. Mo rò pé ẹkún opó ni, mo bá kọjá lọ."

Ó fi apá kan tó kù fún un ṣí géètì náà gbayawu.