Abẹ́rẹ́ Ìjàpá Wùnmí

"Wùnmí, apá ibo ni wọ́n ti ń gún un?"

Wùnmí kọ ẹ̀yìn sí Olújìmí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń di ẹrù sínú àpótí, nítorí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní láti máa sùn ní ilé-ìwé títí ìdánwò àṣekágbá yóò fi parí.

"Ìwọ mà ni mò ń bá sọ̀rọ̀," ni Olújìmí wí. "Bàbá ní kí n máa fún ìjàpá rẹ lábẹ́rẹ́ tí o bá lọ."

"Ṣebí ìwọ lo mọ gbogbo nǹkan. Wá a fúnra rẹ."

Olújìmí ló fẹjọ́ Wùnmí sun bàbá wọn pé ó lọ wo sinimá. Ẹgba tó jẹ lọ́jọ́ náà kò tíì tán lára rẹ̀, inú sì ń bí i burúkú. Dókítà ẹranko ní Ìbarà ti kọ́ ọ dáadáa: "Ọwọ́ iwájú ni o. Má gún un lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn láéláé. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ẹ̀yìn ìjàpá wá ń gba inú kíndìnrín kọjá, oògùn ikọ́ rẹ̀ yìí sì le. Bó bá kó ọwọ́ wọlé, rọra ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sínú ìkarahun, ọwọ́ á yọ síta. Abẹ́rẹ́ tuntun ni kí o máa lò nígbà gbogbo." Wùnmí gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó fẹ́ kí Olújìmí ṣe é tì, kí bàbá bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà. Ìwà ìkà gbáà ni.

Nílé wọn ní Ìgbẹ́in, ìdí ni wọ́n ti ń fún gbogbo aláìsàn lábẹ́rẹ́. Ohun tí Olújìmí mọ̀ nìyẹn. Nígbà tí ìjàpá kó orí àti ọwọ́ wọlé, itan ẹ̀yìn ló rí dì mú. Ibẹ̀ ló ń gún títí oògùn fi tán.

Nígbà tí ìdánwò parí, Wùnmí dé, ó bá ìjàpá tí ara rẹ̀ wú, tí kò jẹun mọ́. Òun àti Olújìmí gbé e sáré lọ sí Ìbarà.

"Ta ló ń gún ẹran yìí lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn?" ni dókítà bi wọ́n tìbínú-tìbínú nígbà tó rí ojú abẹ́rẹ́ ní itan rẹ̀. "Kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́."

"Èmi ni, sà. N kò mọ̀. Mo bi Wùnmí léèrè, kò sọ fún mi."

Dókítà yíjú sí Wùnmí. "Ṣé o gbàgbé ni?"

"N kò gbàgbé, sà."

Ìjàpá kú lórí tábìlì níbẹ̀. Ẹkún gba ojú Wùnmí kan. Olújìmí kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Èmi lo fẹ́ fìyà jẹ," ló wí. "Èmi rèé, kò sóhun tó ṣe mí."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lè bínú síra yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ ohun tó lè gba ẹ̀mí là, ẹ sọ ọ́, kódà fún ẹni tí ẹ ń bá jà.