Àgbàdo, Má Tíì Gbó

Hasanat jí. Kò dúró wọ bàtà. Eré ló sá dé ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Hasanat gbin àgbàdo kan ṣoṣo. Tirẹ̀ ni. Àgbàdo náà ti ga ju Hasanat lọ báyìí. Ó sì ti pọn ọmọ méjì!

"Ìyá Àgbà, ṣé ó ti tó jẹ?"

Ìyá Àgbà fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. "Ọ̀kan ti tó. Ìkejì kù díẹ̀."

Wọ́n ya ọ̀kan. Wọ́n sun ún. Tá! Tá-tá! Ó ń ta sánsán.

Hasanat gé e jẹ.

"Yéè!"

Ẹ̀jẹ̀ wà lára àgbàdo.

Najeem, àbúrò rẹ̀, la ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Àǹtí, àgbàdo gé yín jẹ."

"Lanu, kí n wò ó," ni Ìyá Àgbà wí.

Hasanat lanu. Haa! Eyín iwájú ń dán. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn lọ́hùn-ún, erìgì, ẹran tó di eyín mú, ti wú. Ó pupa fòò.

"Hasanat, ṣé ò ń run orín?"

"Mo máa ń fi omi ṣan ẹnu tí mo bá ń ṣe àlùwàlá."

"Orín tí mo fún ọ ńkọ́?"

Hasanat wolẹ̀. "Ó mú kí ẹnu mi ṣẹ̀jẹ̀. Mo jù ú sórí òrùlé."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ikùn wọn fi ń mì.

"Orín kọ́ ló ṣẹ̀ ọ́. Ìdọ̀tí há sí ìdí eyín, o ò fọ̀ ọ́, ó sọ ibẹ̀ dilé. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Ẹ̀rù ba Hasanat gan-an. "Ṣé eyín mi máa ká?"

"Kò ní ká, tó o bá ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀, tó o tún ń fọ̀ ọ́ kó o tó sùn."

"Àgbàdo mi kejì ńkọ́?"

"Hùn-ùn. Tí erìgì rẹ bá san, wàá jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àgbàdo kì í dúró de ẹnì kankan."

"Ó yá, ẹ fún mi lórín!"

Hasanat rún orí orín títí ó fi rọ̀. Fírí-fírí, lókè. Fírí-fírí, nísàlẹ̀. Fírí-fírí, dé ẹ̀yìn pátápátá. Pùù!

"Rọra," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìdí ìkòkò kọ́ lò ń ha."

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ. Hasanat wo orín. Ó wo òrùlé. Kò jù ú.

Ilẹ̀ ṣú. Fírí-fírí. Pùù!

Ilẹ̀ mọ́. Fírí-fírí. Pùù! Hasanat sáré lọ sẹ́yìnkùlé. "Àgbàdo, jọ̀ọ́, má tíì gbó."

Ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́. Irun àgbàdo ti ń gbẹ. "Àgbàdo, jọ̀ọ́, má tíì gbó."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, fírí-fírí, pùù! Hasanat wo itọ́ rẹ̀. Ó tún un wò.

"Ìyá Àgbà! Kò sí ẹ̀jẹ̀ mọ́!"

Ìyá Àgbà fọwọ́ tẹ àgbàdo. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

"Ó ti fẹ́ gbó. Sáré, lọ kó igi wá."

Tá! Tá-tá! Hasanat fi eyín ẹ̀yìn gé e jẹ.

Kọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀. Kọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀.

Àgbàdo náà le díẹ̀. Eyín Hasanat le jù ú lọ.

"Àǹtí, ṣé ó gé yín jẹ?"

"Rárá o. Èmi ni mo gé e jẹ!"

Inú Hasanat dùn dé ọrùn. Ó ṣẹ́ àgbàdo sí méjì, ó fún Najeem ní ìdajì. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, ó fún un ní orín tuntun.

Najeem wo orín. Ó wo òrùlé.

"Má dán an wò," ni Hasanat wí.