Ṣòkòtò Àwọn Oníkẹ̀kẹ́

Lẹ́búlẹ́bú igi kún irun rẹ̀, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà kan ṣe ti kẹ̀kẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ọmọbìnrin tó jẹ́ aránṣọ náà gbójú sókè nídìí máṣíìnì, abẹ́rẹ́ sì gún un lọ́wọ́.

"Ẹgbẹ́ wa fẹ́ jọ gun kẹ̀kẹ́ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣòkòtò penpe tó ní fóòmù nídìí la fẹ́. Ṣé kí n jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kó o tó wọ̀n mí?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Nàró, jàre."

Ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ lọ. Orí ìdúró ló ti wọ̀n ọ́n, orí ìdúró ló ti wọ̀n àwọn yòókù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, wọ́n tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́, ni ṣòkòtò bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn. Ìdí tíṣà àgbà kan nínú wọn hàn gbangba lójú títì. Aránṣọ tó jáde wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí i bí àdúgbò ṣe ń rẹ́rìn-ín. Káfíńtà pàápàá ń rín in.

Ìtìjú kì í pa èèyàn, àmọ́ ó lè sọ ilé ẹni di ẹ̀wọ̀n. Aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wọlé, kò jáde mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà wá kanlẹ̀kùn.

"Kò sẹ́ni nílé."

"Ta ló wá dáhùn? Ṣílẹ̀kùn, olówó abẹ́rẹ́ mi. Ojú ń ti èmi náà."

Ó ṣí i díẹ̀. "Ṣé ìwọ lo rán an ni?"

"Mo mọ̀ pé ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kì í nàró. Ṣùgbọ́n o sún mọ́ mi, n ò fẹ́ kó o kúrò níbẹ̀, ni mo bá panu mọ́. Mo tún wá bá wọn fi ọ́ rẹ́rìn-ín."

Ọmọbìnrin náà ṣílẹ̀kùn gbayawu.

"O kúkú sọ fún mi. Èmi ni mo fẹnu gé ọ. Má bínú."

"Èmi ti gbọ́. Tíṣà àgbà ńkọ́?"

Aránṣọ tú gbogbo ṣòkòtò náà, ó fi aṣọ kún ẹ̀yìn wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn, ó dúró níwájú wọn, kò lè gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìgbéraga mi ló fi yín sí ìhòòhò."

"Ọmọ mi," ni tíṣà àgbà wí, "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ ti ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà rín in, tòun tomi lójú. Nígbà tí wọ́n gbéra, ó di kẹ̀kẹ́ káfíńtà mú.

"Bàbá mi máa ń wà nílé lọ́jọ́ Àìkú."

"Kí ni kí n wá sọ fún wọn?"

"Pé ojú ò tì ọ́ láti fẹ́ ọmọ wọn."

"Màá ti débẹ̀ kí wọ́n tó jí."

Àwọn ẹgbẹ́ káfíńtà ti gun òkè lọ. Òun ò tíì rántí pé kẹ̀kẹ́ lòun wá gùn.