Ẹni Mélòó Ló Ń Gbé Ilé Àǹtí Kàfí?

“Èmi nìkan ni mò ń gbé ibí,” ni Àǹtí Kàfí wí. Ó fi ara dí ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé Saadat fẹ́ já wọlé.

Saadat dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́. Bàtà ọmọdé kan wà nílẹ̀ lẹ́yìn Àǹtí Kàfí, ó pupa fòò. Àǹtí Kàfí kò sì bímọ. Ta ló wá ni bàtà?

Iṣẹ́ jọ́gíráfì ló gbé Saadat dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò wọn yẹn. Ọdún 1990 ni, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, òun àti àwọn òbí rẹ̀ sì ń gbé bulọ́ọ̀kù gíga kan, ilé alájà púpọ̀, ní Thamesmead ní London. Tíṣà wọn, Mísìsì Rosaline, ní kí ó kọ̀wé nípa káúntì ìgbèríko kan, bí ìjọba ìbílẹ̀, ní Nebraska, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oko àgbàdo lọ súà níbẹ̀, ilé kan wà níhìn-ín, ó tún di ọ̀nà jíjìn kí o tó rí òmíràn. Ilẹ̀ náà fẹ̀ ju gbogbo London lọ, síbẹ̀ èèyàn inú rẹ̀ kò lè kún bulọ́ọ̀kù mélòó kan ní Thamesmead. Odò ń gbẹ, iṣẹ́ kò sí, àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí ìlú ńlá, àwọn arúgbó ló ń ṣọ́lé. Mísìsì Rosaline ní kí ó fi í wé àjà bulọ́ọ̀kù tí òun náà ń gbé: ilé mélòó, èèyàn mélòó? Iṣẹ́ tó bá dára jù ni wọn yóò kà níwájú gbogbo iléèwé. Saadat sì fẹ́ràn ìyìn ju oúnjẹ lọ.

Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó ní ọdún yìí gan-an kọ́ ló yẹ kéèyàn máa ka orí kiri, nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé owó-orí lé àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ owó-orí yìí ló wá kó sí Saadat lórí. Àṣé ohun tí Àǹtí Kàfí ń ṣe nìyẹn! Bàbá òun ń wa bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, ó ń san tirẹ̀, ẹnì kan wá ń kó èèyàn pamọ́ sílé kí wọ́n má baà san.

Bó ṣe di ọlọ́dẹ àjà wọn nìyẹn o. Ó fi etí lé ògiri, ó gbọ́ ikọ́ ọmọdé. Ó rí Àǹtí Kàfí tó ń gbé mílíìkì ràbàtà wọlé lẹ́yìn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó ń ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kọ́tìnì yẹ̀ díẹ̀, ó sì rí obìnrin kan tó gbé ọmọbìnrin kékeré sí èjìká. Ojú ọ̀tún obìnrin náà wú. Saadat rí ojú wíwú yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n iye ló ń wá. Èèyàn mẹ́ta!

Ní Sátidé, òun àti Phoebe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ra iṣu ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Plumstead High Street. Ibẹ̀ ló ti ń ròyìn. Phoebe ní kó kàn kọ ẹnì kan sílẹ̀ jàre, kò sẹ́ni tó máa check. Saadat fárí gá, ó ní òun ò ní kọ irọ́. Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ sókè: ikọ́, mílíìkì, obìnrin ojú wíwú.

Ọkùnrin kan tó ń yẹ iṣu wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yin Saadat pé olóye ọmọ ni, ó ní òun náà fẹ́ràn jọ́gíráfì gan-an nígbà tí òun wà níléèwé n'Íbàdàn. Ó wá bi í jẹ́jẹ́ pé, “Bulọ́ọ̀kù wo nìyẹn, ọmọ mi?”

Saadat tó ń fura sí aládùúgbò rẹ̀ tọ̀sán-tòru kò fura sí ẹni tí kò rí rí. Ó sọ bulọ́ọ̀kù, ó sì fi nọ́ńbà ilé kún un.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọkùnrin yẹn ti ń gbá ilẹ̀kùn Àǹtí Kàfí gbàgbàgbà. “Ikram, jáde wá! Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀!” Bàbá Saadat àti àwọn aládùúgbò ló dì í mú títí ọlọ́pàá fi dé. Ọmọdé inú ilé ń ké, ẹkún náà kò dáwọ́ dúró. Ìgbà náà ni ìyá Saadat tó sọ ọ́ fún un: àbúrò Àǹtí Kàfí ni Ikram, ọkọ rẹ̀ ló ń lù ú ní Peckham, ló fi gbé ọmọ sá wá. Saadat ti mọ ẹni tó júwe ilé.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ àwọn tó ń dáàbò bo irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ wá gbé Ikram àti ọmọ rẹ̀ lọ. Saadat lọ kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí Kàfí, ó jẹ́wọ́, ó sì bẹ̀bẹ̀.

“Mi ò bínú pé o rí wọn,” ni Àǹtí Kàfí wí. “Ṣé o ò lè bi mí kó o tó sọ fún ẹlòmíì ni? Wọn ò sọ ibi tí wọ́n gbé wọn lọ fún mi, nítorí ọkọ Ikram mọ ilé mi báyìí. Àbúrò mi kan ṣoṣo nìyẹn ní ìlú òyìnbó.”

Saadat kọ̀wé nípa káúntì Nebraska yẹn, ó sì dára, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ àjà wọn sí i, wọn kò sì kà á níwájú ẹnikẹ́ni. Kò dùn ún rárá. Iye tí ó kà pé, kò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí àṣírí ilé onílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé ta ni yóò jìyà rẹ̀ bí ẹ bá tú u.