Ẹ Tún Bi Màámi

Ọjọ́ tí Oníkámẹ́rà kọ́kọ́ wọ ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, Nọ́ọ̀sì ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó rí báàgì tó gbé kọ́ èjìká méjèèjì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti kó wá bá wa gbé ni?"

"Tí ẹ bá ti gbà mí, mo ti dé nìyẹn."

Ẹgbẹ́ aláàánú tó ni ilé náà ló pè é. Wọ́n fẹ́ kó máa ya fídíò kéékèèké sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ nípa àwọn àgbà tí iyè wọn ti ń ra, kí wọ́n sì ṣàánú wọn. Ìyá Nọ́ọ̀sì, tí gbogbo ilé ń pè ní Màámi, wà lára àwọn àgbà náà.

Ká má parọ́, ìfẹ́ wọn ò pẹ́ kó tó ta gbòǹgbò. Bí Nọ́ọ̀sì bá ń ká aṣọ, Oníkámẹ́rà á fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn án. "Olólùfẹ́ mi, wo èyí. Ṣé kí n gbé e síta?" Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sọ́dọ̀ ọkùnrin yìí pátápátá.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tí àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin pè é lórí fóònù. Kò tiẹ̀ kí i. "Gbogbo ayé ń wo ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń wá ọkọ tó ti kú káàkiri yàrá! Ẹ ti sọ wá di ìran àpéwò!"

Nọ́ọ̀sì wá fídíò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó wò ó. Àìmọye èèyàn ló ti ń sunkún síbẹ̀, tí wọ́n ń ṣèlérí ìrànlọ́wọ́. Ó lọ bá Oníkámẹ́rà.

"Ta lo gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Màámi fúnra wọn. Mo bi wọ́n, wọ́n ní kí n yà á."

"Màámi tí ò mọ̀ mí láàárọ̀ yìí? Má pè mí ní olólùfẹ́ rẹ mọ́."

Ọ̀gá ẹgbẹ́ aláàánú bẹ Oníkámẹ́rà títí pé kó má yọ fídíò náà, ó kọ̀, ó yọ ọ́ kúrò. Ó wá lọ dọ̀bálẹ̀ nílé àbúrò ìyá. Nọ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ wọn láti yàrá kejì.

"Mo ti yọ ọ́, sà, àmọ́ mi ò lè yọ ọ́ lójú àwọn tó ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Bàbá náà ní kó dìde. "Tóo bá fẹ́ ọmọ wa, lọ bi ìyá rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni kóo máa bi í. Ọjọ́ tó bá kọ̀, yáa gbà bẹ́ẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà mìíràn Màámi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó wu àwọn. Nígbà mìíràn wọ́n á ní, "Mi ò mọ̀ ẹ́, jáde!" Oníkámẹ́rà á tọrọ gáfárà, á máa lọ, kò ní bá Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bó ṣe ń lọ láìjiyàn yẹn ló rọ ọkàn ọmọbìnrin náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ti wọṣọ tán, mọ́tò ti ń dúró. Ọkọ ìyàwó tún dọ̀bálẹ̀. "Màámi, mo fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin yìí. Ṣé ẹ fọwọ́ sí i?"

Màámi wò ó, wọ́n wo ìyàwó. "Ẹ̀yin méjèèjì yẹ ara yín. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ yìí ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbọ́?"

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Wọ́n ti gbọ́, Màámi. Wọ́n sì ti gbà."